Ìwé wákàtí tó ń pẹ́ dé

Ìbéèrè: Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Akoka, òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Ọjọ́ Jímọ̀ ló yẹ kí wọ́n máa kó ìwé wákàtí iṣẹ́ wọn wá, àwọn kan á fi í falẹ̀ di Ọjọ́rú. Ṣé kí n máa yọ ₦2,000 nínú owó wọn?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò, ẹ̀gbọ́n wa. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí ọ̀gá bu owó ìtanràn lára owó òṣìṣẹ́, kódà bí wọ́n bá jọ ṣàdéhùn rẹ̀.

Ẹ wo bí ṣọ́ọ̀bù yín ṣe rí nígbà tí àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó bá ń sáré di ìwé ìwádìí àṣekágbá wọn. Gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀tún, yíǹkì lọ́wọ́ òsì, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Ta ló máa rántí ní Jímọ̀ ìgbà tó dé ní Ọjọ́ Ajé? Ó di kí wọ́n máa méfò.

Ẹ so ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fi okùn so báírò mọ́ ọn (bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báírò á rìn lọ). Kí kálukú kọ aago sílẹ̀ bó bá ti wọlé, kó tún kọ ọ́ kó tó jáde. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, torí ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, inú ọkọ̀ Bàrígà ni ọkàn wọn wà.

Ẹni tó bá ṣì ń fà á, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá tún ṣe é, ẹ fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ kì í pẹ́ kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu ìwé wákàtí wọn?