PAJÁPAJÁ ẸSẸ̀: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA TÍ A ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀ SÍ SÁRÉ



Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun àsùbá, àwa ọ̀dọ́ mélòó kan jáde ní Àgbàdo láti lọ sáré. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì sáré láti ìgbà tí a ti kúrò ní ilé-ìwé girama. Ara ń yá wa, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sẹ́yìn. Kò tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí arákùnrin kan fi kígbe, tí ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, tí ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí òkúta. Ẹnì kan ní kí á bu iyọ̀ sí i lẹ́nu. Òmíràn ń fi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ náà. Ẹnì kẹta ní kí ó dìde kí ó máa sáré lọ, pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí náà wà níbẹ̀. Omi inú ọ̀rá ni a ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó ṣe ohun tí ó yẹ. Ó ju oṣù kan lọ kí arákùnrin náà tó tún bá wa jáde, nítorí ó ti gbà pé eré sísá kì í ṣe ti òun.

Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ pajápajá ní ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Láti ìgbà tí eré Marathon Ìlú Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 2016, láti Pápá Ìṣeré ní Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic, ìwọ̀n kìlómítà 42 ó lé díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń sáré ní àdúgbò ti ń pọ̀ sí i. Ohun tí ó dára ni. A mọ ìtàn bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti ìyá wa Áíṣà ṣe sáré ìje lẹ́ẹ̀mejì, tí ìyá wa borí ní àkọ́kọ́, tí Òjíṣẹ́ sì borí ní ẹ̀ẹ̀kejì. Nítorí náà, tọkùnrin tobìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kò yẹ kí ìrora ìṣẹ́jú méjì lé ẹnikẹ́ni padà sílé.

1. KÍ NI PAJÁPAJÁ?

Pajápajá ni kí iṣan kan súnkì lójijì, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín pa á láṣẹ, kí ó sì kọ̀ láti dẹ̀. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Ibi mẹ́ta ni ó sábà máa ń mú àwọn tí ó ń sáré: ẹ̀yìn ẹsẹ̀ láàrin orúnkún àti gìgísẹ̀, ẹ̀yìn itan, àti iwájú itan.

Ó yàtọ̀ sí kí ẹsẹ̀ kú, irú èyí tí ó ń ṣe wá bí a bá jókòó pẹ́ lórí ẹní ní ilé-kéwú. Ẹsẹ̀ tí ó kú kì í mọ nǹkan lára. Bí ó bá ń jí, á máa ta wá bí abẹ́rẹ́. Ó tún yàtọ̀ sí ara ríro tí ó máa ń dé ní ọjọ́ kejì tí a ti ṣe iṣẹ́ agbára.

2. KÍ NI Ó Ń FÀ Á?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé iyọ̀ tàbí omi ló tán lára. Ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí ó ti wá. Ní ọdún 1923, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ooru ti mú gan-an. Wọ́n ń làágùn púpọ̀, omi lásán ni wọ́n fi ń dípò rẹ̀, pajápajá sì ń mú wọn. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sáré ogún ìṣẹ́jú ní ìdájí Àgbàdo kò tíì làágùn tó awakùsà. Ẹ tún wò ó báyìí: bí ó bá jẹ́ pé iyọ̀ ló tán, gbogbo ara ni ì bá ti tán. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, iṣan tí ó ṣiṣẹ́ jù lọ, ni ó mú?

Ní ọdún 1997, àwọn oníṣègùn mẹ́ta ní Gúúsù Áfíríkà, Schwellnus, Derman àti Noakes, gbé àlàyé mìíràn jáde: àárẹ̀ iṣan. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀lé e, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó sá eré ọ̀nà jíjìn wò. Wọ́n rí i pé iyọ̀ àti omi ara àwọn tí pajápajá mú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò mú.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iṣan kọ̀ọ̀kan ní olùṣọ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan wà nínú iṣan gan-an. Bí iṣan bá nà jù, á ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn pé kí iṣan súnkì. Èkejì wà níbi okùn tí ó so iṣan mọ́ egungun. Òun ló ń sọ pé ó tó, kí iṣan dẹ̀. Ẹ wò ó bí kíláàsì ilé-kéwú tí a fi ọmọ méjì ṣe olórí: ọ̀kan ń sọ pé kí wọ́n gbóhùn sókè, èkejì ń sọ pé kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ó bá rẹ iṣan, olórí àkọ́kọ́ á máa pariwo, ti èkejì á dákẹ́. Kíláàsì á dàrú. Pajápajá nìyẹn.

Èyí ni àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru àti òógùn púpọ̀ lè dá kún un. Ẹni tí ó wà nínú ewu jù ni ẹni tí ó sáré yára jù tàbí jìnnà ju ohun tí ó mọ́ ọn lára lọ, àti ẹni tí pajápajá ti mú rí.

3. BÍ Ó BÁ MÚ WA, KÍ NI KÍ Á ṢE?

Àkọ́kọ́, ẹ dúró. Ẹ má fi agbára sáré lọ.

Èkejì, ẹ na iṣan náà ní pẹ̀lẹ́. Bí a bá nà án, okùn rẹ̀ á fà, olùṣọ́ kejì á sì tún gbóhùn.

(i) Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀: ẹ jókòó, ẹ na orúnkún tààrà, ẹ di iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ mú, ẹ sì fà á wá sọ́dọ̀ ara yín. Bí ọwọ́ kò bá tó o, ẹ fi táwẹ̀lì tàbí ìborùn kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ lórí ìdúró, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹ fa ẹsẹ̀ tí ó ń dùn sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ má ká, kí ẹ wá fi ara síwájú.

(ii) Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn itan: ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ náà síwájú, ẹ sì tẹ̀ síwájú láti ìbàdí.

(iii) Bí ó bá jẹ́ iwájú itan: ẹ di ògiri mú, ẹ ká orúnkún sẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ fa ẹsẹ̀ títí gìgísẹ̀ á fi súnmọ́ ìdí.

Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Bí ó bá padà, ẹ tún un ṣe. Ẹ má jà á gbà. Bí ẹni tí ó mú kò bá lè ṣe é fúnra rẹ̀, kí ẹnìkejì bá a ṣe é: arákùnrin fún arákùnrin, arábìnrin fún arábìnrin.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ọwọ́ ra ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìpara agbóná bíi Robb tàbí Aboniki lè mú ara gbóná, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò nínà iṣan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sílé. Eré ti parí fún ọjọ́ náà.

Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé bí ẹni tí pajápajá mú bá mu omi kíkan oníyọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú kùkúńbà díẹ̀, ara rẹ̀ máa ń tètè dẹ̀ ju ti ẹni tí ó mu omi lásán lọ. Ó yá tó bẹ́ẹ̀ tí kò tíì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ó jọ pé kíkan rẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, nínà iṣan kò ná wa ní kọ́bọ̀, ọwọ́ wa ló sì wà.

4. BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

Bí ó bá jẹ́ pé àárẹ̀ ni orísun rẹ̀, a jẹ́ pé kí á kọ́ iṣan díẹ̀díẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó ń fi súrà gígùn bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì mọ álífù. Ẹ̀rọ̀ tí a là sílẹ̀ nìyí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàrin wọn. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kíákíá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú 5 rìn jẹ́jẹ́ parí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: ẹ sáré ìṣẹ́jú 1, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2, ìgbà 7.
Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4: ẹ sáré ìṣẹ́jú 2, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2, ìgbà 6.
Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6: ẹ sáré ìṣẹ́jú 4, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2, ìgbà 4.
Ọ̀sẹ̀ 7 àti 8: ẹ sáré ìṣẹ́jú 8, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2, ìgbà 2 tàbí 3.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá le fún yín, ẹ tún un ṣe. Ìwọ̀n eré tí ó yẹ ni èyí tí ẹ fi lè máa bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ti ń yára jù.

Ẹ tún máa fún ẹsẹ̀ ní agbára nílé. Ẹ dúró létí àtẹ̀gùn, ẹ di ògiri mú, ẹ fi ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè, kí ẹ sì sọ ara kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mejì, tó. Lẹ́yìn eré, ẹ na ẹsẹ̀ bí a ti ṣàlàyé lókè. Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tí ó bá ẹsẹ̀ mu, ẹ sì sùn dáadáa.

Ẹ wá pápá tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ má sáré létí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, pàápàá ní ìdájí: awakọ̀ kò ní í tètè rí yín, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rí gbágungbàgun.

5. OMI, IYỌ̀ ÀTI ÀWẸ̀

Ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Àpọ̀jù rẹ̀ náà ní ewu. Ní eré Marathon Boston ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 488 nínú àwọn tí ó sáré wò. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 13 ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, omi àmujù sì wà lára ohun tí ó fà á. Fún eré tí kò tó wákàtí kan, omi àti oúnjẹ wa ojoojúmọ́ ti tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn, ẹ lè po ORS tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́ oúnjẹ tí ó dára, ṣùgbọ́n kì í yára tó láti wo pajápajá tí ó ti mú ni sàn.

Ní oṣù àwẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, ẹ má sì fi kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sáré, kí ó sáré díẹ̀ nígbà tí ìṣínu bá ti kù dẹ̀dẹ̀, tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn ìṣínu. Kí omi má ṣe wọ́n ní ìdí sààrì. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

6. OÒGÙN TÍ KÍ Á SÁ FÚN

Àwọn kan máa ń lo quinine sí pajápajá. Àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti fòfin de títà á fún pajápajá láìsí ìwé dókítà láti ọdún 1994, nítorí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Ẹ má bu iyọ̀ gbẹrẹfu sẹ́nu. Ẹ má sì gbé oògùn ìrora mì kí ẹ tó sáré. Ó lè pa kíndìnrín lára, kò sì ní í jẹ́ kí ẹ gbọ́ nígbà tí ara bá ń sọ pé ó tó.

7. ÌGBÀ TÍ KÌ Í ṢE PAJÁPAJÁ LÁSÁN

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láìfi falẹ̀ bí:
(i) ẹsẹ̀ kan bá wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dùn láìdáwọ́dúró; ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì;
(ii) ìtọ̀ bá dúdú bí Coca-Cola lẹ́yìn eré agbára; iṣan ló ti bàjẹ́ tí ó ń dí kíndìnrín lọ́wọ́;
(iii) pajápajá bá ń mú yín lemọ́lemọ́ láìsáré, tàbí tí ó bá ń mú aláboyún tàbí ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè jẹ́nótáìpù ara wa àyàfi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìgì bá dé. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sáré. Ẹni tí ó jẹ́ SS, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ìrora ẹsẹ̀ tirẹ̀ lè jẹ́ ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ó jẹ́ AS lè sáré, ṣùgbọ́n kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó máa sinmi, kí ó má fi ara jìn sínú ooru. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń dùn, tí kò sì lágbára mọ́, kí ó dúró, kí a sì gbé e lọ fún ìtọ́jú kíákíá bí kò bá lọ. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

ÌPARÍ

Arákùnrin tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ padà wá. Ìṣẹ́jú kan eré, ìṣẹ́jú méjì ìrìn ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ojú sì kọ́kọ́ ń tì í. Ó ti ń sáré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú báyìí láìdúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ àtijọ́ náà. A kàn fún un ní àkókò ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera tí a ó fi sìn Ín. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin pajápajá àti ẹsẹ̀ tí ó kú?
2. Kí ló dé tí nínà iṣan fi ń dá pajápajá dúró?
3. Kí méjìméjì dìde: ẹ fi bí a ṣe ń na ẹ̀yìn ẹsẹ̀ han ara yín.
4. Mélòó nínú wa ni ó mọ jẹ́nótáìpù ara rẹ̀? Ìgbà wo ni àwọn yòókù yóò lọ ṣe àyẹ̀wò?