Òjé Inú Bátìrì

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ ní Ògíjo. Inú rírun àti orí fífọ́ kì í jẹ́ kó sùn. Oògùn ibà ló ń lò ṣáá. Ṣé iṣẹ́ yìí kọ́ ló fà á? – Ìyá kan, Ṣágámù.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òun, ìyá wa. Àìsàn tí òjé ń fà máa ń fara jọ ibà, àyẹ̀wò ibà ò sì lè fi í hàn. Kí ọmọ yín sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún dókítà, kó ní kí wọ́n wo òjé inú ẹ̀jẹ̀ òun. Mílíìkì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mu láti fi fọ òjé kúrò lára kò fọ nǹkan kan. Inú eegun ni òjé ń sá pamọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1978 ní kí agbanisíṣẹ́ sanwó àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀. Bí òjé bá tó máíkírógíráàmù 60 nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan, wọn á gbé òṣìṣẹ́ kúrò nídìí òjé, owó oṣù rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín. Lójú tèmi, 60 ti pọ̀ jù: láti orí 5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n wá orísun rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kó má wọ aṣọ iṣẹ́ wálé, kó má baà gbé òjé wọlé. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò.