Ọmú Ọmọ Wo Ni Òkété Yóò Mu?

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú yín pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà dùn, ṣùgbọ́n kò débi tí ọ̀rọ̀ wà. Òkété kì í bí ẹyọ kan. Nínú ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọmú ta ni yóò mu? Bí àwọn ọmọ kò bá jókòó dáhùn, ìnira yóò fúnra rẹ̀ mú ẹnìkan, ẹni tó wà nítòsí ni yóò sì mú. Obìnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìtọ́jú arúgbó jẹ́ gan-an. Ìyá tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn mọ́jú. Ní wákàtí méjì-méjì ni kí wọ́n máa yí i padà, lọ́sàn-án lóru, kí egbò má baà dá sí i ní ìdí àti gìgísẹ̀. Ẹ ó wẹ̀ ẹ́, ẹ ó pààrọ̀ pámpásì, ẹ ó fi ṣíbí fún un ní ògì díẹ̀díẹ̀ kó má baà pá a lórí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ẹni tó ń ṣe èyí kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Owó ṣọ́ọ̀bù tí kò ṣí yẹn, ta ló ń kà á? Ọmọ tó wà lókè òkun fi owó ránṣẹ́, ó kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí, gbogbo ilé ń wúre fún un. Ẹni tí kò sùn lánàá, "ẹ kú iṣẹ́" lásán ni tirẹ̀. Ó ń dùn mí, torí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kía, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó, ní Ìlú Ọba mọ iye tí wọ́n ń san fún wákàtí kan láti wẹ ìyá onílùú. Iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe nílé. Owó tí ẹ bá fún un, ẹ má pè é lọ́rẹ. Owó iṣẹ́ ni, kó sì máa wọlé lóṣooṣù láìjẹ́ pé ó bẹ̀bẹ̀.

Ẹ ò sì lè ní ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó ẹbí. Jẹ́ kí ìyá kú lónìí: kó tó dọ̀la, ẹ ti yan akápò, ẹ ti dá iye lé olúkúlùkù, ẹ ti mú ànkárá, ẹni tí kò bá tètè san yóò jẹ owó ìtanràn. Ìpàdé yẹn gan-an ni kí ẹ ṣe nígbà tó ṣì wà láàyè. Ẹ pè é sí i, ẹ bi í léèrè ohun tó ń fẹ́. Bí baba bá sì ní ilé tí ayálégbé ń gbé, owó ilé náà ni kó kọ́kọ́ tọ́jú baba. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fojú inú pín yàrá, ẹ ṣì ní sùúrù.

Àwọn kan yóò ní, "Màmá, nílùú òyìnbó, ìjọba ló ń ṣe é." Kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí owó àti ohun ìní rẹ̀ bá ju 23,250 pọ́n-ùn lọ, òun ni yóò máa san owó ìtọ́jú ara rẹ̀, wọ́n sì lè ka ilé rẹ̀ mọ́ ọn bó bá kó lọ sílé ìtọ́jú arúgbó. Ṣùgbọ́n ààlà wà nílẹ̀, tálákà sì mọ ibi tí ìjọba yóò ti bá a gbé e.

Ààlà yẹn ni kò sí lọ́dọ̀ tiwa. Abala 16 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní kí ìjọba ṣètò ìtọ́jú arúgbó àti owó ìfẹ̀yìntì fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Abala 6 inú ìwé kan náà kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè dá ìjọba lẹ́bi bí kò bá ṣe é. Òfin ìfẹ̀yìntì 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá náírà 8 nínú 100, kí ọ̀gá rẹ̀ fi 10 kún un. Ó dára fún ẹni tó ní ọ̀gá. Ìyá aláta ńkọ́? Láti 2019 ni ètò ìfẹ̀yìntì ti wà fún ẹni tó ń dáṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè wọ inú rẹ̀, torí ó ti pẹ́ jù fún ìyá yín. Ní Èkìtì, lọ́dún 2011, ìjọba Gómìnà Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tó ti pé ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣù. Nígbà tí ìjọba yí padà, owó náà dáwọ́ dúró. Nítorí náà, bí olóṣèlú bá gbé ìrẹsì wá fún àwọn arúgbó àdúgbò yín, ẹ gbà á, kí ẹ sì bi í pé òfin wo ni yóò mú kí owó wọn máa wọlé lẹ́yìn tóun bá lọ.

Èyí tó wà nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bọ́. Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìlágbára. Arúgbó wà nínú wọn. Èkó ní ètò Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ náà ní ètò tirẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá gbé ìyá dé ẹ̀ka pàjáwìrì kí ẹ tó máa wá fọ́ọ̀mù kiri. Lọ́sẹ̀ yìí, kí ọ̀kan nínú yín mú NIN ìyá dání, kó mú ìyá lọ forúkọ sílẹ̀, kí àwọn yòókù sì san owó ọkọ̀ àwọn méjèèjì, pẹ̀lú owó ọjọ́ tí ẹni tó mú un lọ kò fi ní ṣiṣẹ́.