Ẹ̀kọ́ Nípa Àyà Lílù Kìkì àti Òòyì Nígbà Ìdìde

Nígbà tí ènìyàn bá dìde lórí ẹní, ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn lọ sí ikùn àti ẹsẹ̀. Nínú ara tí ó le, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ a fún pọ̀, ọkàn a sì yára díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè dé ọpọlọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ètò yìí kò ṣe déédéé nínú wọn. Bí wọ́n bá ti dúró, àyà wọn a máa lù kìkì, òòyì a sì kọ́ wọn. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ara a tún rọ̀ wọ́n. Ní ọdún 1993, àwọn oníṣègùn Schondorf àti Low ṣe àpèjúwe àìsàn yìí lábẹ́ orúkọ POTS. Àwọn obìnrin ni ó ń bá jù.

Àwọn ará ilé a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń ṣe é. Èyí kò tọ́, nítorí a lè fi òǹkà mọ̀ ọ́n.

Kí aláìsàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Kí a fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí iṣan gbé ń lù, kí a sì kà á fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Lẹ́yìn náà kí ó dìde dúró. Kí a tún kà á ní ìṣẹ́jú 2, 5 àti 10. Kí ẹnìkan dúró tì í, kí ó má baà ṣubú. Bí òǹkà bá jẹ́ 74 ní ìdùbúlẹ̀, tí ó sì di 112 ní ìdúró, ó fi 38 lé. Bí ti àgbàlagbà bá fi 30 lé, tàbí ti ọmọ ọdún 12 sí 19 bá fi 40 lé, tí kò sì rọlẹ̀, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò jábọ́, tí ìyọnu náà sì ti tó oṣù 3, ó yẹ kí a fura sí POTS.

Síbẹ̀ òǹkà nìkan kò tó. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, àìtó ẹ̀jẹ̀, oyún àti oògùn mìíràn lè mú ọkàn yára bákan náà. Nítorí náà kí a kọ òǹkà náà sílẹ̀, kí a sì mú un tọ dókítà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iyọ̀ wo ara rẹ̀ ṣáájú. Iyọ̀ tí ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ lè pa ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lára. Ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí ó dákú lẹ́nu iṣẹ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.