Lẹ́tà sí Àkànní lórí Oúnjẹ Ẹni tí ń Gòkè Olúmirìn

Ìdó-Ọ̀ṣun.

Àkànní, ọmọ àbúrò mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà nínú rẹ̀ pé ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ fẹ́ lọ wo omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ó dùn mọ́ mi pé o bi mí léèrè ibi tí ẹ ó ti jẹun, nítorí àwọn ọ̀dọ́ a máa ṣètò ọkọ̀, wọn a máa ṣètò aṣọ tí wọn yóò fi ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò sì ní sọ sí wọn lọ́kàn títí inú yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; ẹni tí ebi ń pa kì í rí ẹwà omi, bí ó tilẹ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o dì mú nínú gbogbo ohun tí n ó sọ: ní ìlú tí òkè yí ká, ìgbà tí ebi kò tíì pa ọ́ ni kí o ti bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀. Ní Òṣogbo, bí oúnjẹ bá tán ní bùkà kan, ẹ ó bọ́ sí èkejì; ṣùgbọ́n ní irú Ẹ̀rìn, oníyán a ti fojú díwọ̀n iye ènìyàn tí ó ń retí kí ó tó fi ọ̀bẹ kan iṣu, èyí tí ó bá sì gbé ka iná náà ni yóò gún. Bí ọ̀wọ́ àlejò bá ya lù ú ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, tí ó ní kò sí, kì í ṣe pé ó yájú sí wọn. Iṣu ni kò sí nínú ìkòkò.

Àwọn àgbà wí pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ wá sí orí rẹ̀. Ẹ gba Òṣogbo já sí Iléṣà, ìlú Ọwá Obòkun, kí ẹ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná ní àgbègbè ọjà Àtakúnmọ́sà, ìwọ̀nba tí yóò gbé yín ró, tí kò ní wọ̀ yín lára. Ẹ ra omi mímu níbẹ̀, pẹ̀lú gúgúrú àti ẹ̀pà. Bí ẹ bá dé Ìwárájà, níbi tí ọ̀nà Èkìtì ti yà, ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ ni kí ẹ máa bá lọ títí ẹ ó fi yà sí Ẹ̀rìn.

Ẹ má tíì lọ sídìí omi. Ẹ kọ́kọ́ wọ inú ìlú, kí ẹ wá oníyán. Pátákó tí a kùn lọ́dà lè tan ènìyàn jẹ, ìró odó kì í tan ni: níbi tí o bá ti gbọ́ tí ọmọ odó méjì ń gba ara wọn láyè, tí ọ̀kan ń lọ sókè bí èkejì ti ń bọ̀ nílẹ̀, yà síbẹ̀. Kí ìyá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sọ iye tí ẹ jẹ́ fún un, irú ọbẹ̀ tí ẹ fẹ́, àti ìgbà tí ẹ rò pé ẹ ó sọ̀ kalẹ̀. Kí o béèrè iye owó, kí o sì san díẹ̀ sílẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ láti be iṣu. Má sọ pé kí ó gún un dè yín, nítorí iyán tí ó bá tutù a máa le koko. Kí iṣu wà lórí iná, kí ó gún un nígbà tí ó bá fojú rí yín.

Nígbà náà ni kí ẹ wá gòkè. Ìtàn ìlú náà sọ pé Akínlà, obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ni ó tẹ Ẹ̀rìn dó tí ó sì rí omi yìí ní nǹkan bí ọdún 1140. Ìpele 7 ni omi náà ní. Ìpele kìíní kò ṣòro fún ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lókè gba ẹsẹ̀ àti èémí, òkúta ibẹ̀ a sì máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Gúgúrú àti ẹ̀pà ni tiyín lọ́hùn-ún. Kí ẹ kó gbogbo ọ̀rá padà, nítorí omi ìran àwọn ènìyàn ni.

Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ oníyán yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé kan bá sì pè yín wá jẹun, ẹ wẹ ọwọ́, kí ẹ bù ú jẹ. Má béèrè ìrẹsì níbi tí iṣu gbé jọba. Ohun tí ilẹ̀ bá mú jáde ni ará òkè fi ń ṣe àlejò, ìbáà ṣe nílẹ̀ wa, ìbáà ṣe ní àfonífojì Baliem ní Papua ti orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, níbi tí ó jẹ́ pé ọ̀dùnkún ni àwọn ènìyàn Dani fi ń jẹun, tí wọ́n sì ń fi òkúta gbígbóná sè é nínú ihò ilẹ̀ ní ọjọ́ àsè. Bí wọ́n bá gbé ẹran ìgbẹ́ kalẹ̀, béèrè orúkọ rẹ̀ láìtijú, kí o sì rí i pé ó jinná dáadáa. Èyí tí o kò bá lè jẹ, fi ọpẹ́ kọ̀ ọ́, má fi ojú kọ̀ ọ́. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Bí àlejò bá sì mọ ẹnu lò, kò sí abà tí ebi yóò ti pa á.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ ti padà sí Iléṣà. Olódùmarè yóò sìn yín lọ, yóò sì sìn yín bọ̀. Kọ̀wé sí mi bí ẹ bá dé, kí o sì sọ bí iyán náà ti rí fún mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.