Ẹ̀kọ́ 14: Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú asọ̀rọ̀mágbèsì?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra ka ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Ìta-Jẹ̀bú níhìn-ín, ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé bá wa pọ̀. A ń gbọ́ rédíò Kútọnu ní èdè Faransé àti ní èdè tiwa. Ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, nítorí náà a tún ń gbọ́ rédíò àwọn ará Nàìjíríà. Àwọn kan ń gbọ́ RFI láti Parisi, àwọn mìíràn ń gbọ́ BBC láti Lọ́ńdọ̀nù. Lóde òní, ẹnì kan lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, kí gbogbo ọjà sì gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn bàbá wa ni ó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì. Òótọ́ ni pé kò lè gbọ́ ohùn wa. Ṣùgbọ́n àwa lè bi ara wa ní ìbéèrè nípa ohun tí ó sọ. Bí a ṣe ń ṣe èyí ni a fẹ́ kọ́ lónìí.

Ọjọ́ Àìkú méjì ní Kútọnu

Ọjọ́ kìíní ni ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ òfurufú kan balẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kútọnu. Jagunjagun bí ọgọ́rùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀. Faransé kan tí ó ń jẹ́ Bob Denard ni olórí wọn. Wọ́n fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mathieu Kérékou. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa bá wọn jà fún wákàtí mélòó kan, àwọn àlejò náà sì sá padà.

Rédíò kan ṣoṣo ni ó wà ní ilẹ̀ wa nígbà náà, ti ìjọba sì ni. Ìwé ìròyìn ìjọba ni Ehuzu. Ní èdè Fọ̀n, orúkọ yìí túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà. Ẹ̀yìn ìjọba ni àwọn méjèèjì wà, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Kútọnu kéde pé jagunjagun tí wọ́n fi owó háyà láti òkèèrè ni ó wá, àwọn kan ṣiyèméjì. Ìjọba Mòrókò àti ti Gàbọ́ọ̀nù, tí wọ́n nàka sí, sọ pé àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Báwo ni a ṣe mọ òótọ́? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán ìgbìmọ̀ kan wá. Panama, India àti Líbíà ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wo ibi ìjà. Wọ́n wo ohun ìjà àti ìwé tí àwọn jagunjagun náà gbàgbé sílẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀kan lára wọn tí ọwọ́ bà lẹ́nu wò. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni wọ́n wá gba ìjọba. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1977, Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ náà dá ìkọlù náà lẹ́bi.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025. Ọjọ́ Àìkú ni òun náà. Ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ ogun kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Kútọnu. Wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ Patrice Talon, tí ó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alassane Seidou, jáde pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, pé wọn kò rí ìjọba gbà. Ìjọba Nàìjíríà náà sọ pé àwọn ti fi ọkọ̀ òfurufú ogun ran Kútọnu lọ́wọ́. Ní alẹ́, Ààrẹ fúnra rẹ̀ bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọjọ́ méjèèjì wé ara wọn. Ní ọdún 1977, rédíò tí ó ń ṣe ojúsàájú fún ìjọba ni ó kéde ìkọlù náà, òótọ́ sì ni. Ní ọdún 2025, tẹlifíṣọ̀n tí a mọ̀ sí ẹnu ìjọba gan-an ni ó gbé ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà ní wákàtí náà. Nítorí náà, kí á má sọ pé: «Rédíò báyìí kì í purọ́,» tàbí: «Irọ́ ni rédíò tọ̀hún máa ń pa.» Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí á yẹ̀ wò.

Ta ni ó ni wọ́n?

Kò sí rédíò tí kò ní olówó. Ìjọba Benin ni ó ni rédíò orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ni OGBC ní Abẹ́òkúta. Owó ìjọba Faransé ni RFI fi ń ṣiṣẹ́. BBC ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n nílé, ó sì ń gba owó ìjọba fún iṣẹ́ rẹ̀ ní òkèèrè. Láti ọdún 2018 ni ó ti ń gbé ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá. VOA jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba náà ní kí ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ jókòó sílé. Rédíò aládàáni náà ní ẹni tí ó ń sanwó rẹ̀, ìbáà ṣe oníṣòwò tàbí olóṣèlú.

Èyí kò sọ wọ́n di òpùrọ́. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní ohun tí ó máa ń sọ kíkankíkan àti ohun tí ó máa ń fi ẹnu fò. Bí ọ̀rọ̀ bá kan olówó rẹ̀, ibẹ̀ ni kí á ti la etí wa dáadáa.

Òótọ́ tí kò pé

Irọ́ nìkan kọ́ ni ó ń ba ọjà jẹ́. Òótọ́ tí kò pé náà lè bà á jẹ́.

Ẹ ó rántí pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀. Ìyà jẹ àwọn oníṣòwò ní Sakẹ́tẹ́, Pọbẹ̀ àti Ìgólò. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020, ìròyìn jáde pé Nàìjíríà ti ṣí ẹnubodè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni wọ́n ṣí ní ọjọ́ náà: Sẹ̀mẹ̀, Illela, Maigatari àti Mfun. Ìdí-Ìrókò, tí ó kọjú sí Ìgólò, kò sí nínú wọn. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá elépo kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbọ́ pé: «Ẹnubodè ti ṣí!» Ó yá owó, ó ra epo kún inú kẹ́ẹ̀gì, ó háyà ọkọ̀, ó forí lé Ìgólò. Ìlẹ̀kùn tí ó wà ní títì ni ó bá. Owó ọkọ̀ ti lọ, ẹni tí ó yá a lówó sì ń retí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó parọ́ fún un. Òun ni kò béèrè pé: «Ẹnubodè wo?»

Ìbéèrè márùn-ún

Bí ìròyìn bá dé, ẹ béèrè báyìí:

1. Ta ni ó ni ẹnu tí ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kan olówó rẹ̀ bí?
2. Ta ni ó ṣojú rẹ̀? Ṣé akọ̀ròyìn náà wà níbẹ̀ ni, àbí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn?
3. Ibo ni? Ọjọ́ wo ni? Mélòó ni?
4. Èwo ni ìṣẹ̀lẹ̀, èwo ni orúkọ tí wọ́n fún un? «Wọ́n yìnbọn ní pápá ọkọ̀ òfurufú» jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀. «Ọlọ̀tẹ̀» tàbí «akọni» jẹ́ orúkọ tí olùsọ̀rọ̀ fi ojú tirẹ̀ sọ ọ́.
5. Kí ni ẹnu mìíràn sọ, èyí tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnu àkọ́kọ́? Bí Kútọnu àti Abẹ́òkúta, tàbí Parisi àti Lọ́ńdọ̀nù, bá sọ ohun kan náà, tí olúkúlùkù sì ti ọ̀dọ̀ akọ̀ròyìn tirẹ̀ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá fi ohùn kan náà ránṣẹ́ sí yín lórí tẹlifóònù, ẹlẹ́rìí mẹ́wàá kọ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni, a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní: «Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.» Bí a kì í ti í fi ẹnu ẹnì kan dá ẹjọ́ láàfin, bẹ́ẹ̀ ni kí á má ṣe fi ẹnu rédíò kan ra ọjà, kí á má fi sá kúrò nílé, kí á má sì fi bá aládùúgbò jà.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ́

asọ̀rọ̀mágbèsì: rédíò
ojúsàájú: gbígbè sẹ́yìn ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ
ẹnubodè: ibi tí a ń gbà wọ ilẹ̀ mìíràn
ṣiyèméjì: àìdá ọ̀rọ̀ lójú

Ẹ dáhùn

1. Kí nìdí tí a fi ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì?
2. Kí ni ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wò kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ ọdún 1977 gbọ́?
3. Ẹnubodè mélòó ni Nàìjíríà ṣí ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020? Ìbéèrè wo ni ìyá elépo ìbá ti béèrè?

Iṣẹ́ ilé

Ní alẹ́ òní, ẹ gbọ́ ìròyìn lórí rédíò méjì. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn méjèèjì sọ. Ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí wọ́n jọ sọ, àti gbólóhùn kan nípa ohun tí ọ̀kan sọ tí èkejì fi sílẹ̀. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí á jọ kà á.