Ẹ̀dà Wo Ló Wà Lọ́wọ́ Rẹ?

Ká ní o jókòó sí yàrá yín ní Dọ̀pẹmu, kọndọ́ ń pariwo "Òṣòdì! Òṣòdì!" lábẹ́ bíríìjì, o sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Django, framework tí wọ́n fi èdè Python kọ. O rí fídíò kan, o da ohun tó wà níbẹ̀ kọ:

from django.conf.urls import url

Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ohun tó ń jẹ́ url. O pa á rẹ́, o tún un kọ, pàbó ni. Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi, o ò ṣì í kọ. Fídíò yẹn ló ti gbó. Oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni path, tí a ń lò báyìí dípò url, dé pẹ̀lú Django 2.0; nígbà tí 4.0 sì jáde ní Oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n yọ url kúrò pátápátá.

Nítorí náà, kọ́kọ́ bi kọ̀ǹpútà rẹ ná: python -m django --version. Ẹni tó fẹ́ ra páàtì mọ́tò a máa sọ ọdún mọ́tò kó tó sanwó. Mú nọ́ńbà yẹn lọ sí docs.djangoproject.com, ìwé àlàyé tí àwọn tó ni Django kọ, kí o yan ẹ̀dà tìrẹ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ ni kí o fọwọ́ ara rẹ ṣe tán kó o tó wo fídíò kankan. O lè gba ìwé náà sílẹ̀ ní PDF, kí o máa kà á nígbà tí dátà bá tán.

Ó ku editor, ètò tí wàá máa fi kọ kóòdù. VS Code ò gba kọ́bọ̀. Fi àfikún Python sí i. Bí o bá ti import path, kọ path( kí o dúró díẹ̀: àpótí kékeré kan á yọ, á sọ ohun tó yẹ kó wà nínú àkámọ́ náà. O lè rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni editor ti ń mú un wá. Rárá o. Ètò kan tó ń jẹ́ language server ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà rẹ. Bí o ṣe ń tẹ̀wé ni editor ń ròyìn ohun tó yí padà fún un. Òun á yẹ kóòdù rẹ wò, á sì dáhùn kíákíá.

Wàyí o, padà sórí ìlà tó kọ̀ jálẹ̀ yẹn. Di Ctrl mú, kí o tẹ urls. Fáìlì Django fúnra rẹ̀, èyí tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ, á ṣí. Bó bá jẹ́ 4.0 tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lo ní, orúkọ márùn-ún ni wàá bá nínú __all__, ìyẹn àkójọ orúkọ tí fáìlì náà gbé síta fún lílò: handler400, handler403, handler404, handler500 àti include. Wá url níbẹ̀.